Ọjọ́ Tí A Lọ Ṣeré Létí Òkun Basamu

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀jìgbò, nígbà tí mo mú àbúrò mi obìnrin lọ sí Abijan, tí mi ò sì mú un padà wálé. Ogun abẹ́lé ti parí ní bí ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà. Àwọn tó mọ gbogbo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, èmi nìkan ló sì ṣẹ́ kù nínú wọn báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Nígbà náà, kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó ìtàn. Kì í ṣe ìtàn inú ìwé tí wọ́n fún wa láti fi kọ́ àwọn ọmọ ni mò ń sọ, ìtàn àwọn ará ilé wa ni. Ní Ẹ̀jìgbò, ó ṣòro kí o tó rí agbo ilé kan tí kò ní ẹni tó wà ní Abijan tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún á máa fi èdè Faransé bú ara wọn nídìí omi ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí o bá béèrè pé ta ló kọ́kọ́ lọ, kí ló gbé e lọ, ọ̀nà wo ló gbà, wọn á ní, "Àwọn àgbà ni wọ́n lọ." Ìdáhùn yẹn kì í tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ra ìwé kan tó nípọn, mo sì ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Masifa, sí Ọlá, nígbà mìíràn mo ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, láti jókòó ti àwọn arúgbó, kí n máa kọ ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀. Àwọn kan fi ẹsẹ̀ rin ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn kan sá fún owó orí. Bàbá kan ní Masifa sọ fún mi pé òun kò tiẹ̀ mọ ibi tí òun ń lọ, pé àwọn ọ̀rẹ́ òun ń lọ ni òun ṣe tẹ̀lé wọn. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ ni ó yẹ kí n máa wá kiri, kì í ṣe arúgbó.

Télọ̀ ni bàbá mi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà níbẹ̀. Bàbá tirẹ̀ ti lọ sí ilẹ̀ Faransé tí Abijan wà nígbà tí òun wà ní kékeré, kò sì padà. Gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ìka mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, pé aláàárù ni létí òkun, àti pé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Basamu ló kú sí. Bàbá mi kì í sọ ọ̀rọ̀ yìí jáde púpọ̀, àfi nígbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn òkú síbi àdúrà. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ó máa ń dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn orúkọ bàbá rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan kún un tí kò rí i fi kún un.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Abijan. Lọ́dún náà, ó kọ lẹ́tà pé kí n wá lo ìsinmi ilé-ìwé lọ́dọ̀ òun. Bàbá mi ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá wò mí, ó ní, "Ìwọ tó o fẹ́ràn ìbéèrè yìí, bí o bá dé ọ̀hún, bá mi béèrè ibi tí wọ́n sin bàbá mi sí."

Àbúrò mi gbọ́, ló bá ní òun náà máa lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Iṣẹ́ ìránṣọ ló ń kọ́ lọ́dọ̀ bàbá wa, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń mọ́ ju ti àwọn tó bá a níbẹ̀ lọ. Ó ga jù mí, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó parí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, nítorí náà o ní láti dúró kí ẹ̀rín náà tán kí o tó mọ ohun tó ń sọ. Ìyá mi kò fẹ́ kó lọ. Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ fún un. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀bẹ̀.

Ìyá mi ní, "Bí mo bá jẹ́ kó tẹ̀lé ọ, ojú rẹ kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Ìrìn-àjò náà gbà wá ní ọjọ́ mẹ́rin. Ní Lome, ọkọ̀ wa gba ẹ̀bá òkun kọjá. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí àbúrò mi máa rí òkun. Ó yọ orí síta láti ojú fèrèsé, ó sì ń yí ọrùn padà bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, títí òkun fi wọ ẹ̀yìn igi. Ó bi mí pé, "Àǹtí, ṣé a ò ní sọ̀ kalẹ̀ ni?" Mo ní awakọ̀ kò lè torí tiwa dúró. Mo ní tí a bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá wa, a máa rí òmíràn.

Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Tirẹṣifili ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé. Nínú agbo ilé náà, bí o bá di ojú, wàá rò pé Ẹ̀jìgbò lo wà, àfi tí àwọn ọmọdé bá la ẹnu. Ìyàwó rẹ̀, tí àwa ń pè ní Màmá, ni wọ́n bí sí Abijan, ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀jìgbò ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ dán mọ́rán, ó kàn máa ń ju Faransé sí i bí ẹni ń ju iyọ̀ sọ́bẹ̀. Nígbà tí mo sọ iṣẹ́ tí bàbá mi rán mi, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní òun kò mọ bàbá náà, pé ó ti kú kí òun tó dé ilẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n Basamu kò jìnnà. Ìyàwó rẹ̀ ní kí a kúkú lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kí a gbé oúnjẹ dání, kí a lọ jẹ ẹ́ létí òkun. Pikiniki ló pè é. Ọ̀rọ̀ náà pa àbúrò mi lẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ Ẹtì ló ti ń pè é lórí ohun gbogbo. Bó bá ń gbálẹ̀, pikiniki. Bó bá ń fọ abọ́, pikiniki.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn mọ́ kedere. A wọ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ń kó ọjà, àwa àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn tó ń mu ọmú lọ́wọ́. A kó ẹja díndín, ẹyin sísè, ọsàn tí a ti bó, àti àṣẹ̀kẹ́, ìyẹn gbágùúdá tí àwọn ará ibẹ̀ ń rin tí wọ́n sì ń fi ooru sè, tó dà bí gàrí tó rọ̀. Nígbà tí a dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ pọ̀ débi pé a kò lè tẹ́ ẹní. Bí a bá tẹ́ apá kan, apá kejì á gbéra. Àbúrò mi dùbúlẹ̀ lé e gbalaja, ó na ọwọ́ na ẹsẹ̀, ó ní òun nìyí, òun ni òkúta tí wọ́n máa fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kódà ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí kì í rẹ́rìn-ín kankan, rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kó tó jẹ́ kí a jẹun, ó pe àwa méjèèjì. Ó nawọ́ sí òkun.

Ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Omi ibí yìí kò jọ odò tẹ́ ẹ mọ̀. Ó máa ń wá jẹ́jẹ́, tó bá ń padà, nǹkan tó bá bá lẹ́sẹ̀ yín ló máa kó. Ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kó kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ kò sì gbọdọ̀ dá lọ. Ṣé ẹ gbọ́?"

A ní a gbọ́.

A jẹun. Mo di ọwọ́ àbúrò mi mú, a lọ sí bèbè omi, a jẹ́ kí ìfóòfó rẹ̀ bo ìka ẹsẹ̀ wa. Yanrìn ń yọ́ kúrò lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wa bí omi ṣe ń padà. Ó pariwo, ó dì mọ́ mi, ó tún ní ká dúró de èyí tó ń bọ̀. A ṣe bẹ́ẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ó rẹ̀ mí. Ojú mi ti wà lára àwọn ilé tó wà lẹ́yìn igi àgbọn láti ìgbà tí a ti dé. Ilé òyìnbó àtijọ́ ni wọ́n, alájà méjì, tí òrùlé wọn ti jìn, tí igi sì ń hù jáde láti ojú fèrèsé. Mi ò rí irú rẹ̀ rí, odidi ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀ bí ẹni bọ́ aṣọ sílẹ̀.

Mo mú ìwé mi. Mo sọ fún àbúrò mi pé mo fẹ́ lọ wo àwọn ilé yẹn, kí n béèrè ọ̀rọ̀ bàbá bàbá wa.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti lọ wá ibi tó máa kírun sí, ìyàwó rẹ̀ sì ń fún ọmọ lọ́mú. Mo mọ̀ pé bó bá tẹ̀lé mi, kò ní jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, á máa fà mí láṣọ pé kí a máa lọ. Mo ní, "Dúró ti Màmá, kí o bá wọn mójú tó ọmọ. Mi ò ní pẹ́."

Ó jókòó padà sórí ẹní. Bí mo ṣe lọ nìyẹn.

Bàbá arúgbó kan jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, ó dé fìlà àdúrà. Mo fi ìwọ̀nba Faransé tí mo gbọ́ kí i. Ó wo ojú mi, ó ní, "Máa sọ Yorùbá, ọmọ mi." Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Àwọn tó ni ilé náà ló gbà á láti máa ṣọ́ ọ, wọn kò sì padà wá wò ó fún ọdún gbọọrọ, ṣùgbọ́n kò ní ibòmíràn tó máa lọ, ló bá ń ṣọ́ ọ lọ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo bá wá. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó ti ń retí pé kí ẹnì kan wá bi òun.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ó ní kí èbúté Abijan tó wà, ibí ni àwọn ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n wọn kì í lè sún mọ́ etí ilẹ̀ nítorí ìgbì. Wọ́n á dúró lókèèrè, wọ́n á máa já ẹrù sínú ọkọ̀ kéékèèké, àwọn ọkùnrin á sì máa ru ú gba inú omi wá sílẹ̀. Ó ní àìsàn ibà kan ti pa àwọn òyìnbó níbẹ̀ nígbà kan débi pé wọ́n kó ìjọba wọn kúrò nílùú náà. Ó nawọ́ sí apá ibì kan, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n sin wọ́n sí.

Ó ní, "Àwọn òyìnbó kú, wọ́n gbẹ́ orúkọ wọn sára òkúta. Àwọn tiwa kú, a kírun sí wọn lára, a gbẹ́ ilẹ̀, ó parí."

Nígbà tí mo dárúkọ ìka mẹ́fà, ó gbé ojú sókè. Ó ní òun rántí ọkùnrin Ẹ̀jìgbò kan bẹ́ẹ̀. Òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà. Àwọn aláàárù máa ń fi ìka yẹn dá a lápàárá. Ó ní ikọ́ ló pa á, pé ó wú u fún oṣù púpọ̀, kò sì sí ẹni tó máa mú un lọ sílé. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo bi í bóyá ó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ó dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní itẹ́ àwa Mùsùlùmí kò jìnnà, kí n máa bọ̀.

Mo rántí àbúrò mi nígbà náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rántí rẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn, igi àgbọn ló dí mi lójú. Mo rò ó pé oorun á ti gbé e lọ lórí ẹní. Mo sì tẹ̀lé bàbá náà.

Itẹ́ náà kò ju ilẹ̀ yanrìn kan lọ, tí koríko hù sí kọ̀ọ̀kan kọ̀ọ̀kan, ògiri kan sì wà lápá kan rẹ̀ tó ti fẹ́ wó tán. Bàbá náà fi ọ̀pá rẹ̀ ṣàpèjúwe. Ó ní, "Láti ìdí igi yìí dé ibi ògiri yẹn, ibẹ̀ ni àwọn aláàárù wà. Èwo ni tirẹ̀ níbẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀." Mo jókòó sílẹ̀, mo ń ya bí ibẹ̀ ṣe rí sínú ìwé, igi, ògiri, ọ̀nà tí a gbà wọlé, kí bàbá mi lè rí i. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo rò ó bí màá ṣe ṣí ìwé náà sílẹ̀ fún un nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló yọ sí wa. Ó ń sáré, kò wọ bàtà, fìlà ti kúrò lórí rẹ̀. Ó dúró lókèèrè, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì mi.

Ó ní, "Ṣé àbúrò rẹ wà lọ́dọ̀ rẹ níbí?"

Mo ní, "Rárá, sà. Ọ̀dọ̀ Màmá ni mo fi í sí."

Ó fi ìdí balẹ̀ sórí yanrìn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé, bí wọ́n ṣe tò ó fún mi. Àbúrò mi dúró dè mí títí, kò rí mi. Ó wá sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi pé òun ń lọ bá mi. Ìyẹn rò pé ọ̀dọ̀ mi ló wà, ló bá fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kírun tán, ó bá wọn níbẹ̀, wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n etí omi ni àbúrò mi gbà, kò gba àárín igi. Àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n wọn ṣe rí i tó ń lọ, ó kó bàtà rẹ̀ dání, ó ń gbé ìdí aṣọ rẹ̀ sókè bí omi bá ti dé. Wọ́n ní ìgbì kan tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ló dé, nígbà tí ó sì padà, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Wọ́n ti ọkọ̀ sómi. Wọ́n rí orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà wọn kò rí i mọ́. Ariwo wọn ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbọ́ tó fi sáré wá wò ó bóyá ọ̀dọ̀ mi ló wà.

Mo sáré dé etí omi. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀. Èmi náà kò mọ omi í wẹ̀. Mo kàn ń rìn lọ rìn bọ̀, mo ń pe orúkọ rẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn sì ń gbá orúkọ náà padà sí mi lẹ́nu. Ẹní wa ti fò lọ há sára igi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé ọmọ mọ́yà, ó ń sọ gbólóhùn kan náà léraléra pé, "Ó ní ọ̀dọ̀ rẹ lòun ń lọ. Ó ní ọ̀dọ̀ rẹ lòun ń lọ."

Lásìkò ìrun àsárì, àwọn apẹja gbé e wá. Omi ti gbé e jìnnà sí ibi tí ó ti mú un. Àwọn ọlọ́pàá wọn dé, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi dáhùn, wọ́n kọ ọ́ sí ìwé. Wọ́n bi í pé ta ni ó wà pẹ̀lú ọmọ náà. Faransé náà yé mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wò mí. Ó ní, "Gbogbo wa ni."

Èmi àti ìyàwó rẹ̀ la wẹ òkú náà, nínú ilé obìnrin Mùsùlùmí kan tí a kò mọ̀ rí, tó kàn ṣílẹ̀kùn fún wa. Àgbà obìnrin náà ń sọ bí a ó ṣe ṣe é fún wa, nítorí àwa méjèèjì kò ṣe é rí. Yanrìn wà nínú irun àbúrò mi. Mo ti di irun náà fún un lọ́jọ́ tí a fẹ́ kúrò ní Ẹ̀jìgbò, mo sì dì í le kó lè pẹ́ lórí. A ní láti tú u. Mo ń tú u, yanrìn ń dà, mo ń bu omi sí i, ó tún ń dà. Àgbà obìnrin náà ní, "Ó tó, ọmọ mi. Ó ti mọ́." Mo ní kò tíì mọ́. Ó gba igbá lọ́wọ́ mi.

Wọ́n sin ín láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn wà níbẹ̀, òun ló sì júwe ibi tí wọ́n máa gbẹ́, nítòsí ibi tó fi hàn mí. Ẹnikẹ́ni kò bi mí bóyá ibẹ̀ ni mo fẹ́. Èmi àti àwọn obìnrin dúró lẹ́yìn ògiri, mo ń gbọ́ ìró ṣọ́bìrì nínú yanrìn. Ìwé mi kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, mi ò mọ ibi tí mo jù ú sí, mi ò sì wá a.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá mi padà sí Ẹ̀jìgbò. Nínú ọkọ̀, kò bá mi wí. Ó ti di ibodè Sẹmẹ kó tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní, "Bí a bá dé, èmi ni kí o jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Gbogbo wa la jọ wà létí omi. Ìwọ lo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Omi gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní, "Bàbá, irọ́ ni."

Ó ní, "Mo mọ̀. Mo mọ ìyá rẹ náà, àbúrò mi ni. Ọmọ kan ló kú. Mi ò fẹ́ kó pàdánù méjì."

Ọ̀sán la dé. Ìyá mi ń sá ẹ̀gúsí lójú oòrùn níwájú ilé. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, torí kò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ó rí èmi. Ó wo ẹ̀yìn mi. Ó tún wo inú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ pé òun ló yẹ kí ìyá mi kúnlẹ̀ kí, dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú eruku, ìyá mi sì mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Ó sọ irọ́ náà bó ṣe ní òun máa sọ ọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, bàbá mi pè mí sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ni wọ́n ti fi aṣọ bò. Ó bi mí bóyá mo béèrè ohun tó rán mi. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un, ọ̀rọ̀ ikọ́ náà, igi náà, ògiri náà. Mo sọ pé nítòsí ibẹ̀ la sin ọmọ rẹ̀ sí. Ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa. Bàbá mi ti rí ẹni mọ̀ lọ́hùn-ún." Ó fi ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́. Mo dúró títí, kò tẹ̀ ẹ́, mo bá jáde.

Ohun tó pa mí lára jù kì í ṣe ìbáwí, nítorí ẹnikẹ́ni kò bá mi wí. Ìyá mi ni ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí àwọn èèyàn bá wá kí i, á ní, "Kò kú ní òun nìkan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú." Á wá fà mí mọ́ra, á máa fọwọ́ pa ọwọ́ mi, ọwọ́ ọ̀tún, bí ẹni pé nǹkan kan ṣì kù sí i lára. Mo fara da èyí fún oṣù méje.

Lọ́jọ́ kan, àwa méjèèjì wà lóko ìyá mi lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, a ń bó gbágùúdá tí a fẹ́ fi ṣe gàrí. Kò sí ẹlòmíràn nítòsí. Ìyá mi tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Mo ní, "Ìyá mi, mi ò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mi ò sí níbẹ̀. Mo lọ gbọ́ ìtàn. Ó ní òun fẹ́ bá mi lọ, mo ní kó dúró. Ìgbà tó ń wá mi bọ̀ ni omi mú un."

Ó bó èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ó mú òmíràn, ó bó o, ó mú òmíràn. Ó bó gbogbo òkìtì náà tán, ti ọ̀dọ̀ mi mọ́ ọn. Ó wá ní, "Má sọ ọ́ fún bàbá rẹ." Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó sì ń lọ sílé níwájú mi.

Bàbá mi kú láì gbọ́ ọ. Ní ti ìyá mi, kò bú mi, kò lé mi. Ó kàn dákẹ́ sí mi ni. Bí mo bá kí i, á jẹ́ mi. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á ní òun ti yó. Ọdún kan kọjá bẹ́ẹ̀, òmíràn sì ń lọ sí ìparí. Mo ń lọ sílé-ìwé, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mo sì bẹ ọ̀gá wa pé kó gba iṣẹ́ ìtàn lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó yá, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ó le débi pé mi ò lè dìde. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ìyá mi wọlé pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná, ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, "Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

"Irú omi wo lo lò?"

"Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Wọ́n kírun sí i lára?"

"Àwọn ọkùnrin mọ́ṣáláṣí ibẹ̀ pọ̀. Ìlà mẹ́ta ni wọ́n tò."

Ó mi orí, ó gbé àwo ẹ̀kọ náà fún mi, kò sì dìde títí mo fi mu ún tán.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá mi sọ̀rọ̀ padà, díẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi ọmọ sílẹ̀ fún mi mọ́ títí ó fi kú. Nígbà tí mo lọ́kọ tí mo sì bí àwọn ọmọ tèmi, ó máa ń wá láàárọ̀, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣeré, bí mo tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí èmi náà ń wò wọ́n. Mi ò bá a jiyàn lórí rẹ̀ rí. Mo máa ń gbé àga fún un ni.